Báńkì àpapọ̀ ń ta góòlù: ẹ má tíì gbé ṣéènì yín lọ sí Ọjà Ọba

Bí ìròyìn bá ti jáde pé báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè kan fẹ́ ta góòlù, àwọn kan nílùú Ìlọrin níbí á ti fẹ́ sáré kó ṣéènì àti yẹtí wọn tà kí owó tó já. Ohun tí mo kọ́ ni pé ìkéde ló sábà máa ń já owó, kì í ṣe títà gan-an.

Ẹ wo ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 1999, wọ́n kéde pé àwọn á ta ju ìdajì góòlù àwọn lọ. Wọn ò tíì ta ẹyọ kan tí owó ti ń wálẹ̀, torí àwọn oníṣòwò ti mọ iye tó ń bọ̀, wọ́n sì yára ta tiwọn ṣáájú. Áúǹsì kan (ìwọ̀n gíráàmù 31.1) kúrò ní nǹkan bíi 280 dọ́là, ó bọ́ sí nǹkan bíi 250. Tọ́ọ̀nù 395 tí wọ́n tà títí di 2002 kò mú ju nǹkan bíi 275 dọ́là lórí áúǹsì kan lọ ní ìpíndọ́gba. Ẹni tó ń pariwo pé òun ń bọ̀ wá tà, ta ni yóò fún un lówó gidi?

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, báńkì àpapọ̀ 15 ní Yúróòpù fẹnu kò pé àwọn ò ní ta ju tọ́ọ̀nù 400 lọ lọ́dún. Wọ́n ṣì ń tà o! Àmọ́ ó ti ní ààlà, owó sì fò kọjá 300 láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ tún máa bèèrè ẹni tó ń rà. IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, ta tọ́ọ̀nù 403 ní 2009 sí 2010. Íńdíà nìkan gba 200 níbẹ̀, títà náà kò sì fa owó wálẹ̀ bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní tiwa, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là sí náírà ló ń darí owó góòlù jù. Ẹ pín owó áúǹsì sí 31.1 kí ẹ lè rí ti gíráàmù kan. Bó bá jẹ́ káráàtì 18, ìyẹn èyí tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ojúlówó góòlù, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.75, lẹ́yìn náà pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lọ́jọ́ náà. Ká fi 2,000 dọ́là àti 1,500 náírà dá àpẹẹrẹ: gíráàmù kan á jẹ́ nǹkan bíi 72,300 náírà. Bí áúǹsì bá já sí 1,900 tí dọ́là sì gòkè sí 1,650, gíráàmù yẹn á di nǹkan bíi 75,600. Góòlù já láyé, ó wọ́n sí i l'Ọ́jà Ọba.

Bí ẹ bá wá fẹ́ tà lóòótọ́, iye yẹn kọ́ ni wọ́n máa kà sí yín lọ́wọ́. Wọ́n á yọ òkúta inú rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, owó iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ san nígbà tí ẹ rà á kò sì ní padà. Ojú yín ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n.