Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣeé pa rẹ́ lórí Unix

Nǹkan méjì péré ni Unix, ìyẹn ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Linux fara jọ, kò gbà nínú orúkọ fáìlì: àmì `/` àti báìtì òdo. Àlàfo, dáàṣì, ìràwọ̀, títí kan ìlà tuntun, gbogbo wọn ló ń wọlé. Tí `rm`, àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́, bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, kọ́kọ́ wò ó bóyá shell (ètò tó ń gba àṣẹ tí o tẹ̀) ni orúkọ náà ń dà láàmú tàbí `rm` fúnra rẹ̀.

Shell ló ń kọ́kọ́ ka ohun tí o tẹ̀. Á gé orúkọ sí méjì níbi àlàfo; á sì fi orúkọ àwọn fáìlì inú fódà rọ́pò ìràwọ̀. Àmì àyọlò ló ń dá a lẹ́kun: `rm 'iwe owo.txt'`, `rm '*'`. Èyí tó léwu jù ni fáìlì tó ń jẹ́ `~`. Tí o bá tẹ `rm -rf ~`, gbogbo ohun tó wà nínú home, fódà tìrẹ gan-an, ló lọ yẹn. `rm ./~` ni kí o tẹ̀.

Ti dáàṣì yàtọ̀. Lórí Linux, `rm '-f'` kò ní sọ nǹkan kan, fáìlì náà á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, nítorí shell ti bọ́ àmì àyọlò kúrò kí `rm` tó rí i, `rm` á wá kà á sí option, ìyẹn ìtọ́ni tó ń yí bí àṣẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. `rm -- -f` ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n `rm ./-f` ni mo fara mọ́ jù, torí gbogbo àṣẹ ló gbọ́ ọ. Ìdí kan náà ni `rm ./*` fi dára ju `rm *` lọ: tí fáìlì kan bá ń jẹ́ `-rf` nínú fódà yẹn, `rm *` á gbà á bí option, á sì pa àwọn fódà inú rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú.

Orúkọ tí kò tilẹ̀ ṣeé tẹ̀ ńkọ́? `ls -b` á fi àmì inú rẹ̀ hàn, `ls -i` á fún ọ ní nọ́ńbà inode, ìyẹn nọ́ńbà tí Unix fi ń dá fáìlì mọ̀. Lẹ́yìn náà, lo `find`, àṣẹ tó ń wá fáìlì, kí o sì fi nọ́ńbà tìrẹ rọ́pò èyí tó wà níbí:

`find . -maxdepth 1 -inum 131084 -ok rm {} \;`

`-ok` á bi ọ́ léèrè kó tó pa á. Tí o bá fẹ́ lo `-delete`, ìparí ni kó wà: láti òsì sí ọ̀tún ni `find` ń kàwé, bó bá ṣíwájú `-inum`, gbogbo fáìlì ló máa pa.

Àwa tó ń fi àmì ohùn sórúkọ fáìlì ní tiwa. Ọ̀nà tí a lè gbà kọ `ẹ́` ní Unicode ju ẹyọ kan lọ, ojú kò sì lè dá wọn mọ̀. Bí o bá tẹ orúkọ náà pé pérépéré tó ṣì ń sọ pé `No such file or directory`, tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí kò lámì, kí o tẹ Tab, tàbí kí o lo `rm -i ./*`, kí o dáhùn `y` sí ẹyọ kan yẹn nìkan.