Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Ọmọ Elélùbọ́ Ti Gba C4

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Láti ọjọ́ tí èsì WAEC ti jáde ni mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú fóònù, ẹkún ni. Ọmọ yẹn ti yege! Ọmọ tí ẹ bá mi gbàdúrà lé lórí, tó gba F9 nínú ìṣirò lọ́dún tó kọjá, tó tún gba F9 nínú mọ́ọ̀kì tí a ṣe kẹ́yìn. C4 ló gbà. Kírẹ́dìtì mẹ́fà ló ní, Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀. Ọlọ́run mi, o ṣeun, mi ò lè dúpẹ́ tán.

Ọ̀pọ̀ yín rò pé lẹ́sìnnì tí mò ń fún un nírọ̀lẹ́ ló ṣe é. Rárá o. Ìsọ̀ ìyá rẹ̀ lójú mi ti là. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa, ìlú tí a ti ń jẹ ọkà kí á tó mu ẹ̀kọ yangan, ta ni kì í ra èlùbọ́? Mo lọ rà á ní Sátidé kan, ìyá ò sí nílé, ọmọ ló ń tà. Mo ní kó wọn kóńgò mẹ́ta. Ẹgbẹ̀sán náírà ni kóńgò kan, mo sì na ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí i. Kò mú bírò, kò tẹ fóònù. Ó ń bu èlùbọ́ lé orí kóńgò títí ó fi yọ ṣóńṣó, kò tilẹ̀ wojú mi, ó ní, "Ó ku irinwó lọ́wọ́ yín, mà."

Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè mira. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló wà níwájú pátákó, tó ń wo 5 – 8, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Irinwó tó kà sí mi lọ́rùn yẹn, kí ni bí kò ṣe máínọ́ọ̀sì?

Láti ọjọ́ náà, èdè tó fi ń ka owó ni mo fi ń kọ́ ọ. Mo ní kó tú 45 wò bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ń pè é: márùndínláàádọ́ta. Ogún mẹ́ta, yọ mẹ́wàá, ó di àádọ́ta, kí o tún yọ márùn-ún. Ó dákẹ́ lọ títí. Ó wá fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: 20 × 3 – 10 – 5. Ó ní, "Àṣé ìṣirò ni mo ti ń fẹnu pè látọjọ́ yìí, mà?" Bébà yẹn wà nínú Bíbélì mi. Nígbà tó kan x, mo sọ fún un pé kóńgò tí a kò tíì mọ iye rẹ̀ ni. Kò bẹ̀rù x mọ́.

Àwọn kan bínú sí mi nígbà náà pé mò ń sọ ọmọ di ará oko. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Ṣé àwọn ọmọ yẹn gbẹ́yìn ni? Ẹni tó sọ lójú gbogbo wa pé kí n má fi ṣọ́ọ̀kì ṣòfò lórí olódo, mo ti dárí jì yín, ṣùgbọ́n ẹ lọ bẹ ọmọ náà, torí etí rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ti ń dáwó mírákù sẹ́ńtà jọ, ibi tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣe màgòmágó ìdánwò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ra ìwé fún un, ó ṣì ń lọ síwájú. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa bá yín ṣírò owó lọ́jà, kì í ṣe ìyà.

Ọjọ́ ìṣirò gan-an ló kù díẹ̀ kó pa mí. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ lù, àga rẹ̀ ṣófo. Mo pe fóònù ìyá rẹ̀, kò lọ. Mo sáré bọ́ sójú títì, mo dá ọlọ́kadà kan dúró, bàbá àgbàlagbà tó dé fìlà abetí-ajá, a kọrí sí Ìsàlẹ̀ Àfọ́n. Mò ń gbàdúrà sókè lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló gbọ́ lẹ́nu mi.

Ẹ̀yìnkùlé ni a ti bá ọmọ náà. Ó ti wọ yunifọ́ọ̀mù, ó jókòó lórí odó tí wọ́n da dé, ó di báàgì mọ́ àyà. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò gbé òun. Ó ní bí òun bá tún gba F9, ojú wo lòun ó fi wo ìyá òun. Ẹ̀yin ará, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Èmi tí mo ń kọ́ni látọjọ́ yìí!

Bàbá ọlọ́kadà ló sún mọ́ ọn. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ẹgbẹ̀rin náírà ni mo pè fún olùkọ́ yín ní àlọ. Bí àbọ̀ náà bá jẹ́ ẹgbẹ̀rin, tí mo wá yọ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo owó náà fún yín, èló ni wọn ó san?"

Ọmọ náà ò gbórí sókè. Ó ní, "Ẹgbẹ̀fà, bàbá."

"Àbí o ò rí i? Dìde, jẹ́ ká lọ."

Ó dìde. Ó kù ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lù la wọlé. Mo na owó sí bàbá náà, ó yí orí ọ̀kadà padà, ó ní kí n fi ra bírò fún ọmọ.

Mo ti lọ sí Tákìé lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti dé Arówómọlé, mo bi àwọn ọlọ́kadà, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ìyá ọmọ ti wọn kóńgò mẹ́wàá èlùbọ́ sínú àpò dè é, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bàbá dúdú, fìlà abetí-ajá, ọ̀kadà pupa tí wọ́n fi ọ̀rá we ìjókòó rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró, kí ẹ sọ fún un pé C4 ni.