Gèlè Tó Bá Léèsì Mu Nínú Ṣọ́ọ̀bù

Nígbà tí ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo gbé léèsì mi, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tó ṣú, lọ sí ọjà láti wá gèlè tí yóò bá a mu. Abẹ́ iná LED funfun ni ìyá aláṣọ ti tẹ́ gèlè kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwa méjèèjì sì gbà pé wọ́n bára mu rẹ́gí. Bí mo ṣe bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán, gèlè ti di aláwọ̀ àlùkò, léèsì sì wà bó ṣe wà. Mo padà wọlé, ìyàtọ̀ náà sì pòórá.

Ìyá aláṣọ kò rẹ́ mi jẹ rárá. Iná tó wà lókè orí wa ló fa ọ̀rọ̀ náà.

Aṣọ kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Aró tí wọ́n fi rẹ ẹ́ máa ń gbé apá kan mì nínú ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ lé e lórí, èyí tó bá sì dá padà nìkan là ń pè ní àwọ̀ aṣọ. Gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló pé sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Isaac Newton ṣe kéde ní 1672 lẹ́yìn tó ti jẹ́ kí ìtànṣán gba inú dígí onígun mẹ́ta kọjá. Ti iná LED funfun yàtọ̀. Búlúù ni ìmọ́lẹ̀ tí ègé kékeré inú rẹ̀ ń mú jáde (àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Akasaki, Amano àti Nakamura gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 nítorí búlúù yìí, torí pé òun ló ṣòro jù láti rí ṣe), lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi bò ó a sì sọ apá kan rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, kí ojú wa tó da méjèèjì pọ̀ sí funfun. Nínú ọ̀pọ̀ irú iná bẹ́ẹ̀, pupa tó jinlẹ̀ kò tó nǹkan. Aró gèlè yẹn ń dá búlúù àti pupa padà, ṣùgbọ́n pupa tí yóò dá padà kò tó nǹkan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìta ló ti bá a pàdé.

Bí wọ́n ṣe hun aṣọ náà tún ní ipa tirẹ̀. Ojú aṣọ tó ń jọ̀lọ̀ máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ọ̀nà kan, ìdí nìyẹn tí etí ìṣẹ́po gèlè fi máa ń dán. Àrán ní tirẹ̀ ní irun wẹ́wẹ́ tó dúró gbọn-in, ìmọ́lẹ̀ a wọ àárín wọn, díẹ̀ ló sì ń rí ọ̀nà jáde. Ẹ fi ọwọ́ nù ún lẹ́ẹ̀kan, ojú ọ̀nà ọwọ́ yín yóò hàn kedere bíi pé ẹ fi aró mìíràn fà á.

"Ọmọ mi, jẹ́ ká gbé e bọ́ síta," ni ìyá aláṣọ wí. Wọ́n kó gèlè mẹ́ta mìíràn sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀kẹta sì bá léèsì náà mu nínú oòrùn. A tún gbé e padà sábẹ́ iná LED wò, nítorí inú gbọ̀ngàn ni àríyá náà yóò ti wáyé.