Bí mo ṣe sọ cannoli di kúkíìsì nínú ilé wa ní Palermo

Cannoli, ìpápánu erékùṣù Sísílì ní Ítálì tí èèpo rẹ̀ rí bí ọ̀pá oníhò, kì í dúró de ènìyàn. Bí wọ́n bá ti ki ricotta, ohun funfun rírọ̀ bíi wàrà, sínú èèpo rẹ̀ báyìí, kíá ni omi inú ricotta náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ara èèpo, èyí tó ń dún kàkà lẹ́nu tẹ́lẹ̀ á sì dẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìpápánu tó mọṣẹ́ níbí fi máa ń to èèpo òfìfo jọ, tó jẹ́ pé ojú oníbàárà ni wọ́n ti ń ki í. Màmá arúgbó tí mo ń tọ́jú, tí gbogbo wa ń pè ní Signora, kì í fi ẹnu kan èyí tí wọ́n ti ki sílẹ̀. “Ọmọ mi,” ni wọ́n máa ń sọ fún mi, “ẹni tó bá ti ki í láti àárọ̀, kò rò ó fún ẹni tó máa jẹ ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló dí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè pé kí ni mò ń jẹ ní Sísílì tí mo ń pariwo rẹ̀ lórí fóònù bẹ́ẹ̀. Cannoli kò ṣeé dì sínú báàgì ẹni tó ń lọ sílé. Kúkíìsì ṣeé dì. Mo wá fẹ́ kúkíìsì tó jẹ́ pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá bù ú jẹ, wọ́n á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí cannoli gan-an ṣe rí, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ṣe ti jáde. Fùláwà, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ṣúgà díẹ̀, kòkó lẹ́búlẹ́bú, sínámọ́ọ̀nù àti wáìnì Marsala ni wọ́n fi ń po èèpo rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á wé e mọ́ ọ̀pá irin kékeré, wọ́n á sì dín in. Wáìnì yẹn kì í ṣe ti òórùn nìkan: tó bá kan ọ̀rá gbígbóná, á hó, á sì ta ojú èèpo náà ní ìléròrò, ìléròrò yẹn ló ń mú kó fúyẹ́. Láyé àtijọ́, ìféèfé ni wọ́n ń gé dípò irin. Signora ṣì ní díẹ̀ nínú èyí tí ìyá wọn lò, ó ti dúdú nítorí ọ̀rá. Ricotta àgùntàn tí wọ́n fi ṣúgà pò, tí wọ́n sì sẹ́ títí tó fi kúnná, ló ń wọ inú. Ṣokoléètì gígé wẹ́wẹ́ á tẹ̀lé e. Ní Palermo, èèpo ọsàn tí wọ́n fi ṣúgà sè ni wọ́n fi ń parí ẹnu rẹ̀; tí ẹ bá lọ sí apá Catania, pistachio, èso oníkóró aláwọ̀ ewé bíi kajú, lẹ ó rí níbẹ̀.

Àsìkò Carnevale, àjọ̀dún tó máa ń ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ni wọ́n ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò sí oṣù tí ènìyàn kò lè rí i rà báyìí. Àwọn sístà Kátólíìkì inú àwọn ilé ìsìn Sísílì ló tọ́jú ọ̀pọ̀ ìpápánu erékùṣù yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá dé Piazza Bellini ní Palermo lè wọ inú Santa Caterina, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìsìn yẹn, kó ra nínú èyí tí wọ́n ṣì ń ṣe ní ìlànà wọn. Ìrèké àti ọsàn kíkan sì nìyẹn, àwọn Lárúbáwá tó jọba ní Sísílì láti ọ̀rúndún kẹsàn-án dé ìkọkànlá ló mú wọn wá. Mo máa ń rántí wọn tí mo bá ń rin èèpo ọsàn.

Ọ̀pọ̀ ìlànà kúkíìsì cannoli tí mo rí kà, ohun gbogbo ni wọ́n ń dà pọ̀ sójú kan: ricotta, sínámọ́ọ̀nù, ṣokoléètì, fànílà, gbogbo rẹ̀ nínú abọ́ kan. Ó dùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kéèkì ọlọ́sàn ló dùn bíi rẹ̀. Adùn cannoli wà nínú pé nǹkan gbígbẹ ni eyín ẹni ń kọ́kọ́ bá pàdé, kí nǹkan tútù tó rọ̀ tó dé. Bí ènìyàn bá da méjèèjì pọ̀, ó ti pa á. Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo pín wọn: ohun tó jẹ́ ti èèpo, ìta ni mo fi sí, ohun tó jẹ́ ti inú, inú ni mo fi sí. Sínámọ́ọ̀nù àti kòkó kò kan inú kúkíìsì mi rárá. Fànílà kò sí níbì kankan, torí kò sí nínú ti Signora.

Ricotta ni olórí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀. Kì í ṣe ara mílíìkì gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ wàrà kúrò, omi tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń gbé padà sórí iná. Tó bá gbóná dé nǹkan bí 80 sí 85 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ohun funfun tó kù nínú rẹ̀ á dì, á sì léfòó sókè. Òun ni wọ́n ń fi ṣíbí oníhò kó sínú apẹ̀rẹ̀. Ti àgùntàn lọ́ràá ju ti màlúù lọ, ó sì ní adùn tirẹ̀. Ìgbà òtútù títí di ìgbà tí koríko ń tutù yọ̀yọ̀ ló dára jù, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn àgùntàn ń rí ewé tútù jẹ. Omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ da á sínú asẹ́ tí ẹ tẹ́ aṣọ funfun sí, ẹ gbé e lé abọ́, kó sun inú fìríìjì mọ́jú. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, kúkíìsì rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ sórí irin.

Bọ́tà gíráàmù 115 àti ṣúgà gíráàmù 150 ni kí ẹ jọ pò títí á fi funfun. Ẹ fọ́ ẹyin kan sí i, kí ẹ wá da ricotta tí omi rẹ̀ ti ro sí i, gíráàmù 225 (ẹ ra nǹkan bíi 300 kó tó ro tó bẹ́ẹ̀). Ẹ rin èèpo ọsàn kan lé e, apá tó ní àwọ̀ nìkan, torí funfun abẹ́ rẹ̀ korò. Lẹ́yìn náà ni fùláwà gíráàmù 250, baking powder ṣíbí tíì kan àtààbọ̀, àti iyọ̀ ráńpẹ́. Ṣokoléètì dúdú gíráàmù 100, tí ẹ fi ọ̀bẹ gé wẹ́wẹ́, ló kẹ́yìn. Mo fẹ́ràn ti Modica, ìlú kan ní ìhà gúúsù Sísílì. Wọn kì í jẹ́ kí ooru pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, nítorí náà ṣúgà inú rẹ̀ kì í yọ́, ènìyàn á máa gbọ́ ọ lẹ́nu. Ẹ bò ó, ẹ gbé e sí fìríìjì fún wákàtí kan ó kéré tán, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Ó wá ku ìta. Wọ́n ń ta èèpo cannoli òfìfo nínú páálí níbí. Mo máa ń fọ́ nǹkan bíi gíráàmù 60 nínú rẹ̀, kì í ṣe kó kúnná, kí ó ṣì ní wóró. Mo sì ń gé pistachio gíráàmù 50 mọ́ ọn. Ti Bronte, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Etna, ló lórúkọ jù. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń kórè rẹ̀, ó sì wọ́n. Nítorí ìta tí ojú á ti rí i ni mo ṣe ń náwó lé e. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun bu kúkíìsì náà, ẹ yí i róbótó, kí ẹ yí i nínú èèpo fífọ́ yẹn títí kò fi níbi tó ṣófo. Nǹkan bí 30 lẹ ó rí. Ẹ fi oven sí 175 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹ yan án fún ìṣẹ́jú 14 sí 16. Abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò: tó bá ti pọ́n díẹ̀, ó ti tó. Ẹ má dúró de òkè.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ ka ara páálí èèpo yẹn dáadáa kí ẹ tó rà á, torí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti wáìnì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kóònù áísìkiriìmù fífọ́ máa ṣe é, tí ẹ bá fi sínámọ́ọ̀nù ìdajì ṣíbí tíì àti kòkó lẹ́búlẹ́bú ṣíbí tíì kan pò ó. Òun náà ni kí ẹni tó wà ní Nàìjíríà lò.

Signora jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ní cannoli kọ́ nìyí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá jẹ ẹ́ á mọ ilé tó ti wá. Lẹ́yìn náà wọ́n mú òmíràn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ kò ní dún tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́; ìṣẹ́jú márùn-ún nínú oven tó wà ní 150 ló máa dá a padà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí tí mo fi rán ènìyàn sí wọn, wọ́n sì pè mí pé àwọn fẹ́ máa ṣe é fúnra àwọn. Ricotta dà ní Ìbàdàn? Wàrà ni mo ní kí wọ́n lò. Wàrà gbẹ ju ricotta lọ, nítorí náà kò nílò kó sun inú asẹ́. Kí wọ́n fi ọwọ́ fọ́ ọ kúnná, kí wọ́n fi yọ́gọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, ṣíbí ìjẹun méjì, pò ó kó tó wọ inú bọ́tà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tútù, èyí tí wọn kò fi iyọ̀ sí, tí wọn kò sì tíì dín. Fún pistachio, kajú tí wọ́n yan láìfi iyọ̀ sí dára. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ti ẹ̀pà, mo ní rárá, òórùn ẹ̀pà á bo ti ọsàn mọ́lẹ̀.