Ẹ má tíì gbé páàtì àtijọ́ sọnù: ohun tí bọ́nẹ́ẹ̀tì kan fojú mi rí

Ẹ̀yin tí ẹ tú ọkọ̀ àtijọ́ palẹ̀ sílé, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ kí n tó sọ ọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí bóòtù kan ṣoṣo, irin kékeré tí à ń fi sípánà tú, bá gba odindi ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ mọ ojú tí ará ilé fi ń wo yín bí ẹ bá tún gbé páálí mìíràn wọlé. Nítorí náà mi ò ní máa ṣàlàyé ìdí tí èèyàn fi ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi láìpẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ, nígbà tó ṣì ń ta mí lára, torí ó dá mi lójú pé ẹnìkan wà nínú yín tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ gan-an lọ́la.

Volkswagen ni ọkọ̀ mi, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Ọdún 1967 ni ìwé rẹ̀ kọ. Ọwọ́ ẹni tó gbé e sábẹ́ igi fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti rà á. Koríko ti hù gba ilẹ̀ ọkọ̀ wọlé. Ìpáàrà ti jẹ ibi tí bátìrì ń jókòó sí lábẹ́ àga ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tó ti máa ń kọ́kọ́ jẹ Ìjàpá. Ó jẹ irin oníhò tó lọ lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ó jẹ etí ìsàlẹ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, ihò mẹ́ta tí ìka mi lè kọjá níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ló ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀hún. Ihò mẹ́ta. Ẹ rántí o.

Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, mi ò sì kánjú. Mò ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa ní mi ò fara balẹ̀. Kí n tó gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn, mo fi ọ̀pá irin di ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn méjèèjì kí ara ọkọ̀ má baà tẹ̀, torí irin yẹn ló ń mú kí ara rẹ̀ nà. Ẹni tó bá gé e láì di ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní pa dé mọ́. Mo ṣe ìyẹn dáadáa. Bóòtù tó bá dógùn-ún, mo máa ń da òróró sí i lálẹ́, kí n tó fọwọ́ kàn án láàárọ̀. Bí mo bá tú nǹkan, mo máa ń ya fọ́tò rẹ̀, mo máa ń kó bóòtù rẹ̀ sínú ọ̀rá, mo sì máa ń kọ orúkọ sí i lára. Mo mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Síbẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Nígbà tó kan iwájú ọkọ̀, mo ní dípò kí n máa lẹ ihò, kí n kúkú ra bọ́nẹ́ẹ̀tì tuntun àti bọ́ńpà iwájú. Mo wá ti ọdún 1967, mo rí ti ọdún 1967, mo san owó tí mo ti ń tọ́jú láti oṣù mẹ́fà. Nígbà tí páálí náà dé tí mo tú u, inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ará ilé jáde láti wá wò ó. Irin rẹ̀ ń dán, kò sí ibi tó tẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ẹni tó ń ra irin pàǹtí kọjá. Ibi tí mo ń kó nǹkan sí ti kún. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà lé ọkọ̀ rẹ̀. Mo gbé bọ́ńpà lé e. Mo tilẹ̀ bá a fi okùn dì í.

Mo kun inú bọ́nẹ́ẹ̀tì tuntun náà ní ọ̀dà. Mo jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ márùn-ún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, àbúrò mi wá bá mi gbé e. A fi aṣọ tẹ́ iwájú ọkọ̀ kí ọ̀dà má baà họ. Ó di ọwọ́ òsì mú, mo di ọwọ́ ọ̀tún. Ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì fi bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i láì le, kó lè ṣeé sún. A wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Kò jókòó. Ẹnu rẹ̀ gùn kọjá ibi tó yẹ kó parí sí, ó gun orí àwo irin iwájú, ó sì dúró síbẹ̀ bí ìdérí tí kì í ṣe ti ìkòkò rẹ̀.

Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká gbé e sókè ká tún un sọ̀."

A tún un sọ̀. Mo tú bóòtù, mo fà á sẹ́yìn títí tí kò fi lọ mọ́. Mo lọ gbé iná wá torí ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo fi tẹ́ẹ̀pù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni pé irin lè sún kì bí mo bá wọ̀n ọ́n tó. Mo gbé bọ́ńpà wá, apá tó gbé e dúró kò bá ihò ara ọkọ̀ mu rárá. Ìgbà náà ni ara mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Mo pe bàbá kan tó ti ń tún Ìjàpá ṣe kí wọ́n tó bí mi. Wọn ò jẹ́ kí n ṣàlàyé tán.

"Ibo lo ti ń rọ epo sínú ọkọ̀ náà?"

"Ẹ̀gbẹ́ ni, bàbá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún níwájú, ó ní ilẹ̀kùn kékeré."

"Lọ ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn fún mi."

Mo gbé àga kúrò, mo fi àkísà nu orí irin gígùn tó la àárín ọkọ̀ já, mo sì kà á. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 118. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ ti 1968 lo ní. Bọ́nẹ́ẹ̀tì 1967 gùn jù fún un. Èyí àtijọ́ rẹ ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ni mi ò lè dáhùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, àbúrò mi sì ń kó irinṣẹ́ jọ láì wí nǹkan kan. Mi ò sùn lóru yẹn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo fi dé ibi tí wọ́n ń kó irin pàǹtí jọ sí. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀. Mo rí etí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi, àwọ̀ ewé rẹ̀ yọ jáde láàárín irin mìíràn, ó ti ká wọnú bí ìwé. Mo dúró tì í pẹ́. Irin Jámánì tó ti wà lára ọkọ̀ yẹn láti ọjọ́ tó ti jáde ní ilé iṣẹ́, tí ihò mẹ́ta péré wà lára rẹ̀, tí mo lè lẹ̀ ní ọ̀sán kan!

Ẹni tó ta tuntun náà fún mi kò gbà á padà, torí mo ti kùn ún. Ó ní ohun tí mo béèrè lòun fún mi. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Ilé iṣẹ́ Volkswagen kì í dúró de oṣù kìn-ín-ní kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ ọdún tuntun; oṣù kẹjọ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹsàn-án 1967, ti 1968 ni, bí ìwé bá tiẹ̀ kọ 1967. Oṣù kẹjọ yẹn gan-an sì ni wọ́n yí nǹkan púpọ̀ padà: bọ́ńpà ga sókè, bọ́nẹ́ẹ̀tì kúrú, àwo irin abẹ́ rẹ̀ gùn sí i, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn kékeré síta fún epo. Ṣáájú ìgbà náà, àfi kí èèyàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó rọ epo. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń wo ilẹ̀kùn epo yẹn lójoojúmọ́.

Nọ́ńbà ṣásí, ìyẹn nọ́ńbà ọkọ̀ tí mo kà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ìwé. Lára àwọn ti 1965 dé 1969, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni, ẹ̀kẹta nínú wọn ló ń sọ ọdún: 117 jẹ́ ti 1967, 118 jẹ́ ti 1968. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ mìíràn lẹ ní, ẹ wá bí tirẹ̀ ṣe ń kà kí ẹ tó ná owó kankan. Páàtì náà ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára. Ti Volkswagen, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́ta àárín: bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, ẹ́ńjìnnì ni, 6 jẹ́ ti táyà àti bíréèkì, 8 jẹ́ ti ara ọkọ̀, 9 jẹ́ ti iná. Lẹ́tà tó bá wà lẹ́yìn nọ́ńbà ń sọ pé wọ́n ti tún un ṣe, ẹ má fojú fò ó. Ibo lèèyàn wá ti máa rí nọ́ńbà yìí kà? Ara èyí àtijọ́ ni. Èyí tí mo gbé fún oní-irin-pàǹtí.

Nítorí náà, bí ẹ ò bá mú nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú èyí: ẹ má gbé páàtì àtijọ́ sọnù títí tuntun yóò fi wà lára ọkọ̀, tí ẹ ti ti bóòtù rẹ̀ le, tí ẹ ti ṣí i, tí ẹ ti pa á, tí ẹ sì ti wa ọkọ̀ náà lọ wá bọ̀. Kì í ṣe ìgbà tí tuntun bá dé. Kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá tú páálí. Bí kò bá sí àyè, ẹ fi okùn so ó rọ̀ mọ́ àjà. Ẹnìkan sọ fún mi pé ilé òun kéré. Ilé tèmi náà kéré, mo sì mọ ohun tí àyè tí mo wá yẹn ná mi.

Àwọn kan tún ní Ìjàpá kò ṣòroó wá páàtì fún, wọ́n ṣe é ju mílíọ̀nù 21 lọ, wọn ò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní Mẹ́síkò títí di 2003. Bẹ́ẹ̀ ni, páàtì rẹ̀ pọ̀. Pípọ̀ yẹn gan-an ni ewu, torí wọ́n jọra lójú. Omíràn ń lo bátìrì fóòtì (volt) 6, omíràn 12. Táyà kan ń gba bóòtù 5, òmíràn 4. Fọ́tò ò lè fi gbogbo ìyẹn hàn yín. Ẹ gbé èyí àtijọ́ ti tuntun, kí ẹ ka ihò wọn, kí ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ tó gbé ọ̀dà. Tí ẹ bá ti kun páàtì, tàbí tí ẹ lu ihò sí i, ó ti di tiyín nìyẹn. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì dára, kí ẹ sì yẹ ọ̀pá ìdẹ kékeré tí epo ń gbà wọ ẹnu kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, wò bóyá ó ń mì, torí ó máa ń yọ bọ́ sílẹ̀ tí epo á sì tú sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Màgínísíọ̀mù wà nínú irin ẹ́ńjìnnì náà, iná rẹ̀ kì í ṣeé pa bọ̀rọ̀. Rọ́bà bíréèkì máa ń wú nínú nígbà tí òde rẹ̀ ń dán, ẹ pààrọ̀ ìyẹn náà. Ẹ má tíì ju ògbólógbòó rọ́bà yẹn nù kí ẹ tó rí i pé gígùn tuntun bá a mu.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni mo rí òmíràn. Ẹnìkan ń tú ọkọ̀ tirẹ̀ tó ti kú, mo fi nọ́ńbà ṣásí mi àti ìwọ̀n iwájú ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i, òun náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n bára mu. Ó dógùn-ún díẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo kùn ún, ó wọlé. Ó ń ṣí, ó ń pa. Mo ti ń wa ọkọ̀ náà báyìí.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn náà ṣì wà níbi tí mo gbé e tì sára ògiri, mo fi aṣọ bò ó kí ọ̀dà inú rẹ̀ má baà họ. Bí ẹnìkan nínú yín bá gbé àga ẹ̀yìn rẹ̀ sókè lónìí tó rí 117 níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi ìwọ̀n èyí àtijọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ná.