Àpò Náílọ̀n Màmá

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Orí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá ni mo ti ń kọ èyí, nílé ìwòsàn kan n'Ílọrin níbí. Ọjọ́ kẹta wa rèé. Òyì ló kọ́ wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nílé l'Ómù-Àrán, wọ́n ṣubú nídìí ààrò, la bá gbé wọn gba Ajàṣẹ́ wá.

Ó ti tó oṣù méjì tí ẹsẹ̀ Màmá ti ń wú. Tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn bí ẹ̀bà tí ọmọdé fọwọ́ kàn. Ilé ìwòsàn kan nílé ló kọ́kọ́ fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi, mo mú wọn lọ síbòmíì, àwọn yẹn náà kọ tiwọn. Ẹsẹ̀ wú, wọ́n fi oògùn tó ń múni tọ̀ kún un. Èmi ni mo ń ra gbogbo rẹ̀ ní kẹ́mísì lóṣooṣù, tí mo ń fi rán awakọ̀ sílé.

Láàárọ̀ yìí, obìnrin kan tẹ̀lé àwọn dókítà tó ń yípo wọ́ọ̀dù, ìwé kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ni. Apòògùn ni. Apòògùn tí mo mọ̀ ni èyí tó ń jókòó sẹ́yìn fèrèsé, tó ń ní "kò sí èyí, ẹ lọ rà á níta". Eléyìí wá kúnlẹ̀ síbi bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn oògùn tí ẹ ń lò nílé ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ rí, títí kan àgbo."

Màmá ní àwọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ àgbo.

Mo tú àpò náílọ̀n sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò wo orúkọ gàdàgbà iwájú páálí rárá. Lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ ló ń fìka tọ̀. Ó yọ páálí pupa kan àti aláwọ̀ búlúù kan, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Àǹtí, ẹ kà á fún mi." Mo ka ti pupa: amlodipine 10 mg. Mo ka ìkejì: amlodipine 5 mg.

Ẹnu mi wọhò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ni, ilé iṣẹ́ méjì ló sọ ọ́ lórúkọ méjì. 10 mg ni òpin rẹ̀ lóòjọ́, Màmá ń lo 15. Oògùn yẹn fúnra rẹ̀ a sì máa mú ẹsẹ̀ wú, pàápàá tó bá pọ̀: ó ń fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, omi á máa jò sínú ẹran ọrùn ẹsẹ̀. Oògùn ìtọ̀ kì í sábà rí irú omi bẹ́ẹ̀ fà; ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ sílẹ̀ ló tún ń fà wálẹ̀ sí i. Ibi tí òyì ti wá nìyẹn.

Kò sọ ọ́ lójú Màmá. Ìdí tábìlì nọ́ọ̀sì ló ti bá àwọn dókítà sọ ọ́. Dókítà kékeré kan fajú ro (mo rí i), àmọ́ ọ̀gá wọn gba páálí méjèèjì, ó wò wọ́n, ó ní, "Kí lẹ rò pé ká ṣe?" Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú ju ohunkóhun tí mo ti gbọ́ níbí lọ. Wọ́n fagi lé oògùn, nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìfúnpá léraléra.

Mo bi apòògùn náà pé ọdún mélòó ló fi kàwé yìí. Ó ní ọdún 6, ó tún fi ọdún 1 kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn kó tó lọ sin ìjọba. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ la wá ń kó sẹ́yìn fèrèsé pé kó máa ka hóró oògùn! Mo fẹ́ bi í sí i, ó ti sáré lọ. Òun nìkan ló ni wọ́ọ̀dù mẹ́ta.

Ara mi ni mò ń bínú sí. Ọwọ́ mi ni páálí méjèèjì ń gbà kọjá lóṣooṣù, mo sì mọ̀wé kà.

Ẹsẹ̀ ṣì wú. Ó ti sọ fún wa pé yóò tó ọjọ́ mélòó kan kó tó fà. Ṣáájú kí Màmá tó sùn, wọ́n fọwọ́ pè mí sún mọ́ra.

"Àbẹ̀kẹ́, ìgò kan wà lábẹ́ aṣọ mi nínú báàgì yẹn. Bá mi gbé e pamọ́, kí ọmọ yẹn má rí i."

Mo ṣí ìdérí rẹ̀. Òórùn egbò igi gba gbogbo ibẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń hanrun, mo gbé e sórí tábìlì, sí iwájú gan-an.