Ìkúùkù mẹ́ta nínú abọ́ kan

Alẹ́ àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé mi ò mọ ìwọ̀n oúnjẹ tí mò ń jẹ rárá. Mo bu ìrẹsì bí mo ṣe máa ń bù ú, àbúrò mi obìnrin wá ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ di ọwọ́ yín ká wò ó." Mo dì í, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì yẹn, há, ó tó ìkúùkù mẹ́ta gbáko! Àyà mi já, torí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè ni. Ó ní kí ìrẹsì má ju ìkúùkù kan lọ, kí ẹran tàbí ẹja má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ (ẹ má ka ìka mọ́ ọn o), kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́. Mo da ìyókù padà sí ìkòkò, mo rọra jẹ, ó ṣì ń ṣe mí bíi kí n tún bù sí i àmọ́ àbúrò mi bẹ̀ mí pé kí n ní sùúrù fún bí ìṣẹ́jú 20, ikùn kì í tètè ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé òun ti yó. Mo dúró. Lóòótọ́, mi ò tún padà sídìí ìkòkò mọ́.